Ojú Àṣá Tó ń Jowú Àbúrò Rẹ̀

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó mọ ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ í lò ní yunifásítì wa, Ojú Àṣá ni kí ẹ béèrè. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló fún un lórúkọ yẹn. Á ri ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ẹ̀rọ náà mọ́lẹ̀, á di ojú kan, á gbé ojú kejì lé awò, á wá máa pe nọ́ńbà jáde bí ẹni ń ka ìròyìn lórí rédíò. Àbúrò rẹ̀ obìnrin á jókòó sórí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa kọ ọ́ sílẹ̀, á sì máa ṣírò rẹ̀.

Kíláàsì kan náà ni wọ́n wà, nítorí Ojú Àṣá tún ìdánwò àtiwọlé ṣe títí àbúrò fi lé e bá. Ìyẹn nìkan ti tó láti bínú sí. Bó sì ṣe rí ní gbogbo kíláàsì nìyẹn: ọkùnrin á di ẹ̀rọ mú, obìnrin á di bírò mú. Àwọn ọkùnrin ló ṣòfin náà. Wọ́n ní ẹ̀rọ wúwo jù fún obìnrin, bí ẹni pé oyún fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ìṣirò ni ìdánwò ń béèrè. Bí èsì bá jáde, àwọn obìnrin á wà lókè, àwọn ọlọ́wọ́ ẹ̀rọ á máa wá ara wọn nísàlẹ̀.

"Wọ́n kàn ń há a sórí ni," Ojú Àṣá á ní. Lọ́jọ́ mìíràn, á ní ojúsàájú àwọn olùkọ́ ni. Ìlara ti dí i lójú, kò rí i pé iṣẹ́ tí òun ń tì sí àbúrò òun ló ń kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́. Bí bàbá wọn tó ń ránṣọ bá ti béèrè èsì, oúnjẹ á korò lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rín àbúrò rẹ̀ pàápàá ń bí i nínú.

Lọ́dún tí wọ́n máa jáde, yunifásítì kéde pé ẹnìkan ṣoṣo làwọn máa gbà ṣe olùkọ́ kékeré, ẹni tó bá gba ipò kìíní nínú ìdánwò àṣekágbá. Kálukú ló máa dá gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, táá sì dá ìṣirò ṣe. Inú Ojú Àṣá dùn dẹ́yìn. Àbúrò òun ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ rí!

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò, ọmọbìnrin náà bá a níbi tó ti ń nu awò.

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n gbé e kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré."

"Kó o wá fọ́ ọ mọ́ mi lọ́wọ́?"

"Mi ò ní fọ́ ọ. Èmi náà á fi bí wọ́n ṣe ń ṣe ìṣirò yẹn hàn yín."

Gbólóhùn yẹn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

"Ta lo fẹ́ kọ́? Èmi? Ṣebí ìwọ lo mọ̀wé jù, lọ há a sórí!" Ó ti ẹ̀rọ bọ àpótí, ó pa á dé.

Lọ́jọ́ kejì, òun ló kọ́kọ́ ṣe. Wéré ló gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, wéré ló ka nọ́ńbà. Ó wá jókòó ti ìṣirò, omi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ó rò ó síwájú, ó rò ó sẹ́yìn, ìlà ààlà ilẹ̀ tó wọ̀n, tó yẹ kó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ò padà. Bó ṣe gbójú sókè, ó rí àbúrò rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ.

"Kó dà á rú," ó ní nínú ara rẹ̀. "Kó ṣáà dà á rú."

Kò dà á rú. Ó pẹ́ níbẹ̀, òógùn bò ó, ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe máa ń tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ lòun náà ṣe tẹ̀ ẹ́, bó ṣe máa ń dijú lòun náà ṣe dijú. Orí òkúta tó ń jókòó sí ló ti ń wò ó láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá. Òun ló gba ipò kìíní. Wọ́n ní kí Ojú Àṣá wá tún tirẹ̀ ṣe lọ́dún tó ń bọ̀.

Nígbà tó délé, bàbá wọn dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó dì mọ́ ọn.

"Ọmọ mi, o káre! Mo bi àbúrò ẹ pé ta ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ yẹn. Ó ní bọ̀dá òun ni. O ṣe ẹ̀gbọ́n. Tìẹ náà á dáa lọ́dún tó ń bọ̀."

Ojú Àṣá wo àbúrò rẹ̀. Ó ń ká aṣọ, kò rẹ́rìn-ín, kò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ì bá sàn kó bú òun. Ó la ẹnu láti sọ òótọ́, ó wá rí i pé bí òun bá sọ ọ́, kò sí nǹkan mìíràn tí bàbá lè tìtorí rẹ̀ yin òun lónìí.

"Ẹ ṣeun, Bàbá," ó ní.