Òdòdó Bébà Kẹta

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Zlatina Petkova ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ní ìlú kékeré kan létí odò Osam, ní Bulgaria, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé ó fìyà jẹ ọmọ ọlọ́mọ rí. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ òdòdó bébà kan ṣoṣo dùn ún wọ eegun. Ó sì yẹ kó dùn ún!

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹsàn-án ni ilé ìwé máa ń wọlé. Lọ́jọ́ náà, bí àwọn òbí bá ti lọ tán, Zlatina á pín bébà aláwọ̀, sísọ́ọ̀sì àti gọ́ọ̀mù. Ọmọ á ká bébà pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, á gé etí rẹ̀ róbótó, á tú u, òdòdó dé nìyẹn. Á wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀kan fún pátákó ara ògiri, mẹ́ta fún ẹni tọ́mọ náà fẹ́ràn. Mẹ́ta ni o, torí òdòdó alààyè kì í pé méjì, kì í pé mẹ́rin. Òkú ni wọ́n ń kó o ní méjì-méjì fún.

"Ta lo fẹ́ fún ní tìẹ, Vihra?"

"Màmá mi ni, Tíṣà. Wọ́n wà lọ́sibítù. Ọ̀túnla ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn."

Àwọn ọmọ lọ fọ gọ́ọ̀mù kúrò lọ́wọ́. Ni ọ̀gá ilé ìwé bá yọjú. "Zlatina, onífọ́tò ti dé o! Kí ló dé tí igun pátákó yẹn ṣófo?"

Ọmọ kan ló fa tirẹ̀ ya. Zlatina ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó nawọ́ sórí tábìlì tó sún mọ́ ọn jù, ti Vihra, ó mú òdòdó pupa kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ igun náà. Ó ní lọ́kàn láti ṣe òmíràn dípò rẹ̀. Onífọ́tò wọlé, ariwo sọ, ó gbàgbé pátápátá. Vihra kó méjì lọ bá ìyá rẹ̀. Ọmọ ọdún méje tó ń sáré lọ wo ìyá ẹ̀, ṣé ó tún máa dúró ka òdòdó ni?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà Grozda, ìyá ìyá Vihra, dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú ọmọ náà.

"Ìwọ Tíṣà yìí, ṣé o ò mọ̀ọ́kà ni, àbí owó oṣù lo kàn ń gbà? Òdòdó méjì lo fún ọmọ yìí gbé lọ síbi bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi! Ọ̀la ni wọ́n máa la inú ẹ̀! Ṣé ẹ ti ń sin ín ni?"

Gbogbo òbí yíjú. Ọ̀gá ilé ìwé náà dúró lẹ́yìn. Ojú ti Zlatina, ẹnu rẹ̀ sì yá ju ọkàn rẹ̀ lọ. "Mẹ́ta ló ṣe, Màmá. Àfàìmọ̀ kó má ti sọ ọ̀kan nù lọ́nà."

Hà! Àgbà yìí pa irú irọ́ yẹn mọ́ ọmọ kékeré! Vihra gbójú sókè wò ó, kò sì jiyàn. Ta ló ń bá Tíṣà jiyàn?

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Títí ilé ìwé fi parí, Zlatina ń sọ fún ara rẹ̀ pé ìgbàgbọ́ àwọn arúgbó lásán ni, síbẹ̀ òun alára ò ra òdòdó méjì fún alààyè rí. Ẹ̀rí ọkàn ń jẹ ẹ́. Ó ya òdòdó pupa náà kúrò lára pátákó, ó gba ọ̀nà ilé Grozda lọ.

Ó bá Vihra lẹ́bàá títì, ó tẹ̀ ba, ó ń tú koríko.

"Kí lò ń wá níbẹ̀?"

"Òdòdó tẹ́ ẹ ní mo sọ nù ni, Tíṣà. Láti ibùdókọ̀ ni mo ti ń wá a bọ̀. Tí mi ò bá rí i, màmá mi máa kú."

Zlatina kúnlẹ̀ sínú koríko. "O ò sọ nǹkan kan nù, ọmọ mi. Èmi ni mo mú un lórí tábìlì ẹ. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọ. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Vihra gba òdòdó náà. "Ẹ wá sọ fún Ìyá Àgbà."

Grozda àtàwọn aládùúgbò mẹ́ta jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà. "Màmá, ṣé a lè wọlé díẹ̀?" ni Zlatina wí.

Vihra fà á lọ́wọ́. "Ìta ni kẹ́ ẹ ti sọ ọ́, Tíṣà. Ìta náà lẹ ti sọ ti àárọ̀."

Zlatina sọ ọ́, látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó dúró de èébú, ṣùgbọ́n Grozda ò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó fa ọmọ náà mọ́ra, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"O ní o ò mọ ibi tó wà," ló ń wí, tó ń sunkún. "O ní o ò mọ̀, mo sì gbá ọ létí."

Kò sẹ́ni tó sún fún Zlatina lórí bẹ́ǹṣì náà, òun náà ò sì retí kí wọ́n sún.