Ìdérí Kan fún Àgbàdo, Ìdérí Kan fún Ẹ̀wà

Òórùn àgùntàn ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, òórùn ìgbẹ́ tútù àti irun tí ìrì ti pa. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni àwọn ẹran wa máa ń jáde lọ. Lọ́jọ́ yẹn, oòrùn ti yọ, wọ́n ṣì wà lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé, okùn lọ́rùn wọn, wọ́n ń ké bíi pé ayé ti bàjẹ́. Akéde ti kéde ní ìrọ̀lẹ́ àná pé kí gbogbo ará ìlú so ẹran wọn mọ́lẹ̀ títí a ó fi kórè tán. Ẹran tí wọ́n bá bá lóko olóko, ti ààfin ni.

Ìlú Ìtàjí la wà nígbà náà, ìjọba alágbádá kò tíì pẹ́ tó dé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí, èmi Ìdòwú tí wọ́n bí lé Táyé àti Kẹ́hìndé. Àgùntàn mẹ́rin ni ìyá wa, tí a ń pè ní Yèyé, ní. Nígbà tó bí ìbejì ni ìyá tirẹ̀ fún un ní abo kan, inú ìran abo yẹn ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wá. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, abo dúdú kan, ti lóyún.

Bàbá ní kí a tà wọ́n kíá.

"Ìyá Ìbejì, ta ni yóò máa pa koríko fún wọn títí di ìgbà ọyẹ́?"

"Èmi àti àwọn ọmọ mi."

"Ó dáa. Bí wọ́n bá rù, mo máa ránṣẹ́ pe alápatà Ìkọ̀lé o. N kò ní í jókòó sí ulé mi kí n máa wo ẹran tí ebi ń pa."

"Mo gbọ́, Bàbá Ìbejì. Bí wọ́n bá rù."

Bí àdéhùn ṣe wà nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, kí a tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́, èmi àti àwọn ìbejì a ti gba ọ̀nà Ayédé lọ pẹ̀lú àdá.

Lẹ́yìn ilé, Yèyé ní oko kékeré kan. Àgbàdo àrọ̀kúrò ló gbìn síbẹ̀, ó sì gbin ẹ̀wà sáàárín àgbàdo. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, Bàbá ra ajílẹ̀ wá láti Ìkọ̀lé, yùríà, èyí tó funfun bí iyọ̀. Ó fi ìdérí ìgò mínírà han Yèyé: ìdérí kan sí ẹ̀gbẹ́ ìdí àgbàdo kọ̀ọ̀kan, kí ó má kan igi rẹ̀, kí a sì fi erùpẹ̀ bò ó. "Àgbàdo nìkan o," ló wí, "ẹ̀wà kò nílò rẹ̀."

Ẹni tó bá mọ Yèyé yóò ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Aṣọ kan náà ló ń rà fún Táyé àti Kẹ́hìndé; bí ẹran inú ọbẹ̀ ẹnì kan bá fẹ́ tóbi ju ti èkejì, yóò fi ọwọ́ já a. "Ìyá ìbejì kì í dá ọmọ kan bọ́," ló máa ń wí. Bí Bàbá ṣe jáde, ó wo ẹ̀wà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàdo, ó mi orí. Ìdérí kan fún àgbàdo, ìdérí kan fún ẹ̀wà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe é títí dé òpin oko.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà, ẹ ò tíì rí irú ẹ̀wà bẹ́ẹ̀! Ewé rẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà, ó dú mìnìjọ̀. Ó gun igi àgbàdo, ó lọ́ mọ́ ọn, ó tún nawọ́ sí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí a tó bọ́jú láàárọ̀, a ti sáré débẹ̀ láti wo ibi tó gùn dé. Táyé ti ń ka iye mọ́ínmọ́ín tí òun máa jẹ.

Ṣùgbọ́n kò so. Bí a bá ṣí ewé, ewé mìíràn la ń bá lábẹ́ rẹ̀. Ìyá Ràfátù, aládùúgbò wa, dúró sí etí oko, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Ìyá Ìbejì, ẹ kú uṣẹ́ o. Ṣé ẹ̀fọ́ lẹ gbìn ni?"

"Ẹ bá mi bi í," ni Bàbá wí. "Ó fún ẹ̀wà lóúnjẹ àgbàdo. Ẹni tó yó báyìí, ṣé ó tún máa rántí bímọ?"

"Ẹ jẹ́ kó wọṣọ tán ná," ni Yèyé dáhùn, "yóò bímọ." Ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín.

Òjò dá. Gbogbo ìlú ló ń pa koríko ọ̀nà Ayédé, èyí tó sì kù ti le bí okùn. Egungun ìhà abo dúdú ti ń hàn. Bí a bá da koríko síwájú rẹ̀, yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò yí orí kúrò. Bàbá kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn ránṣẹ́ sí alápatà. Alápatà ní ẹran pọ̀ tí òun ń rà kiri, òun máa dé lẹ́yìn ọjà méjì.

Ní ọ̀sán tí Yèyé gbọ́, ó mú àdá wọ inú oko, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé ẹ̀wà. A rò pé inú ló ń bí i. Ó tẹ́ ewé náà sí oòrùn kí ó rọ, kí inú ẹran má bàa wú, lẹ́yìn náà ló gbé e síwájú abo dúdú. Ẹran náà gbóòórùn rẹ̀. Ó mú ewé kan. Lẹ́yìn náà, ó ki gbogbo ẹnu bọ̀ ọ́.

"Ó ń jẹ! Yèyé, ó ń jẹ ẹ́!" Kẹ́hìndé ń fò sókè, èmi tí kì í pariwo náà ń pariwo.

Bí a ṣe ń já àgbàdo, a ń gé igi rẹ̀ tútù pẹ̀lú ẹ̀wà tó lọ́ mọ́ ọn, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ń jẹ ẹ́ láìṣẹ́kù.

Nígbà tí alápatà dé, ó fi ọwọ́ tẹ ẹ̀yìn abo dúdú, ó tún un tẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, ẹran tó rù lẹ ní kí n wá wò. Èwo ló rù níbí? Mo máa fi owó lé e o."

A di ara wa mú. Bàbá wo ẹran, ó wo oko, ó wo Yèyé.

"Bí wọ́n bá rù ni àdéhùn wa," ló wí níkẹyìn. "Wọn ò rù."

"Ẹ wá jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ rìn lásán!"

"Ẹ jẹ àgbàdo sísun kí ẹ tó máa lọ."

Abo dúdú bímọ nígbà ọyẹ́. Ọ̀kan ló bí, kì í ṣe ìbejì bí àwọn ènìyàn ṣe máa ń fẹ́ kí n sọ ọ́. Nígbà tí ọdún yípo, Bàbá ti ń sọ ní mọ́ṣáláṣí pé a dìídì ṣe é ni. Ó pín oko náà: ẹ̀wà tí a máa jẹ kò gba yùríà, ti ẹran gbà á.

Nígbà yẹn, ó dá mi lójú pé ìdérí mínírà yẹn ló gba àwọn ẹran wa là. Mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ jáde báyìí. Mo mọ̀ pé gbòǹgbò ẹ̀wà ń rí oúnjẹ gbà láti inú afẹ́fẹ́, àti pé bí a bá tún fi yùríà kún un, ewé ló sábà máa ń pọ̀ tí èso á dín. Ṣùgbọ́n òjò ọdún yẹn pọ̀ kí ó tó dá. Irúgbìn tí Yèyé rà sì lè jẹ́ irú tó ń ya ewé. A kò fi ẹyọ ẹ̀wà kan sílẹ̀ láìfún un, nítorí náà n kò ní ohun tí mo lè fi wé e.

Lóṣù tó kọjá, obìnrin àgbẹ̀ kan ní Odò-Orò bi mí bóyá kí òun fún ẹ̀wà òun ní ajílẹ̀ funfun. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tí mo jẹ́ nígbà náà ì bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni kí obìnrin náà tó sọ̀rọ̀ tán. Èmi ronú ná.

"Màmá, ta ni yóò jẹ ẹ̀wà náà, ẹ̀yin ni àbí ẹran?"

"Ìbéèrè rẹ gùn ju oko mi lọ, ọmọ mi. Ẹran ni."

"Ẹ fún ìlà kan, Màmá, ẹ fi ìlà kejì sílẹ̀. Mò ń bọ̀ wá wò ó!"

Ohùn mi ga ju bí mo ṣe fẹ́ lọ.