Ọmọ Télọ̀ Lọ Họ́lidé

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú Ọláídé, ẹ kàn dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ ní Tunga Low Cost, ní Minna, kí ẹ dárúkọ "Mọ́mì Ògbómọ̀ṣọ́." Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni ẹ̀rọ á dákẹ́. Orúkọ tí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá wọn nìyẹn. Margaret ni wọ́n sọ obìnrin náà níbi ìrìbọmi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ògúnná gbòǹgbò sì ni nínú ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi àdúgbò rẹ̀. Ọmọ mẹ́rin ló bí. Gbogbo wọn ló ti lọ sí òkè òkun, Ọláídé sì gbà pé òun mọ ìdí tí wọ́n fi sá lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní ẹni tí ọmọ tirẹ̀ bá ti tán nílé, kó lọ ra ológbò.

Ìjà náà kì í ṣe ti àná. Minna ni wọ́n bí Ọláídé sí. Iṣẹ́ réluwéè ló gbé bàbá rẹ̀ wá láti Ọ̀yọ́, kò sì padà mọ́. Àárín àwọn ọmọ Hausa àti Nupe ni Ọláídé ti ṣeré dàgbà, Hausa sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Nígbà tí Adébóyè mú un lọ fi han àwọn ará ilé rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó kúnlẹ̀, ó ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ni "sannu" kan bá bọ́ sílẹ̀ láàárín ìkíni. Àǹtí Margaret yí ojú sí àbúrò rẹ̀. Ó ní, "Adébóyè, Gàm̀bàrí lo mú wálé fún wa?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọláídé náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọdún kẹrìndínlógún rèé, kò tíì dárí ẹ̀rín yẹn ji ẹnì kankan, títí kan òun fúnra rẹ̀.

Nígbà tí àwọn ọmọ wá dé, tí wọ́n ń fi Hausa sọkún, tí wọ́n ń fi Hausa tọrọ omi, Àǹtí Margaret pàṣẹ. Gbogbo họ́lidé gígùn, Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọn yóò ti lò ó, ọ̀sẹ̀ méje gbáko, kí wọ́n lè mọ ilé bàbá wọn. Láti ìgbà náà ni Ọláídé ti ń rojọ́ rẹ̀ kiri. Ó rojọ́ fún ọlọ́jà aṣọ ní ọjà Kure, tó kàn ń sọ "Haba, Hajiya" tó sì ń bá gígé aṣọ rẹ̀ lọ. Ó rojọ́ fún àwọn oníbàárà. Ó rojọ́ fún ìyàwó pásítọ̀, ó ní, "Wọ́n ń kó mi lọ́mọ lọ lójú mi." Bí Adébóyè bá gbọ́, á rọra mi orí, á ní, "Àgbà tí kò bínú ni ọmọ rẹ̀ ń pọ̀." Ọláídé á dá a lóhùn pé, "Bí mi ò bá bínú, méjì tí mo ní yìí ni wọ́n máa kó tán."

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nígbà tí kò sí níbí. Oṣù keje àti ìkẹjọ ni ìgbà yúnífọ́ọ̀mù. Ilé ìwé aládàáni kan ní Fadikpe, èyí tí ọmọ rẹ̀ kékeré ń lọ, ló ń gbé gbogbo pinafò aláwọ̀ ewé wọn fún un láti rán. Ogóje ni ti ọdún yìí. Obìnrin tó fẹ́ rán ogóje pinafò kò fẹ́ ọmọ tó ń béèrè oúnjẹ ọ̀sán. Lọ́dọọdún, bí mọ́tò tó kó àwọn ọmọ náà bá ti yí kọ́nà, Ọláídé á mí kanlẹ̀, á fa àga mọ́ ẹ̀rọ. Ó ń sinmi, ó sì ń bú ẹni tó ń fún un ní ìsinmi. Irú ìwà bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n, àmọ́ tirẹ̀ ti pọ̀ jù.

Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n lọ lóṣù keje, Olúwarẹ̀mílẹ́kún, èyí àbígbẹ̀yìn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wá dúró síwájú ẹ̀rọ, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tí wọ́n fẹ́ tú ara rẹ̀ wò. Ọmọ télọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń dúró de téèpù.

Ó ní, "Mama, ẹ wọ̀n mí."

Ọláídé kò gbójú sókè. Téèpù wà lọ́rùn rẹ̀, ibẹ̀ ló máa ń wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. "Tó o bá dé," ló wí.

Ọmọ náà tún dúró díẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ nínà, kó tó lọ gbé báàgì rẹ̀.

Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n ń pè é. Fisáyọ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, á kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, á sì tètè ṣe tán. Rẹ̀mílẹ́kún á gba fóònù, á ní, "Mama, mo ti ga o." Ọláídé á ní ó dáa, ẹ̀rọ á máa sáré lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní òun ga. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó ní Mọ́mì Ògbómọ̀ṣọ́ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ilẹ̀kùn, òun sì ti kọjá àmì náà. Ọ̀rọ̀ Mọ́mì Ògbómọ̀ṣọ́ nìkan ni Ọláídé gbọ́ nínú gbólóhùn yẹn. Ó fi ìkanra pa fóònù.

Ìgbà tó di Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹsàn-án, Fisáyọ̀ nìkan ló bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò.

"Àbúrò ẹ dà?"

Fisáyọ̀ wo bàbá rẹ̀ kó tó dáhùn. Ó ní Mọ́mì Ògbómọ̀ṣọ́ ti gba àyè fún Rẹ̀mílẹ́kún nílé ìwé tó wà lẹ́bàá ilé, pé ibẹ̀ ni yóò ti máa kàwé báyìí, àti pé Dádì mọ̀ sí i.

Ọláídé yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Fisáyọ̀, ẹ mọ̀ sí i?"

Adébóyè ní, "Mo fẹ́ sọ fún ọ. Gbogbo ìgbà tí mo bá délé, ṣọ́ọ̀bù lo wà."

"Ṣé ṣọ́ọ̀bù wà nínú òkun ni? Ẹ kò mọ ọ̀nà ibẹ̀?"

"Mo wá nígbà méjì. O ní kí n jọ̀ọ́, o ń ka pinafò."

Ohun tí Ọláídé sọ fún un lẹ́yìn ìyẹn, Hausa ló fi sọ ọ́, àwọn aládùúgbò Hausa sì rọra ti fèrèsé wọn. Ó bú u, ó bú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó bú ilẹ̀kùn tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí. Inú rẹ̀ bàjẹ́ púpọ̀, àmọ́ kò jẹ́ kí ó hàn. Ó jẹ́ kí ìbínú dúró níwájú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó ti dá a rò. Òun yóò gbé yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé Fadikpe lọ síwájú Margaret, wọn yóò sì wo ẹni tó ni ọmọ. Ogóje pinafò ti pé, wọ́n ti di wọ́n sínú àpò. Aṣọ ti tán. Ìrépé nìkan ló kù nílẹ̀. Ó tò ó pọ̀, ó wò ó, ó rí i pé yóò tó bí òun kò bá fi aṣọ sínú ojú rírán. Aṣọ inú yẹn ni wọ́n máa ń tú jáde bí ọmọ bá sanra tàbí tó ga. Kò fi í du ẹnì kankan nínú àwọn ọmọ oníbàárà, nítorí ìyá wọn á pariwo. Ó mú ìwé ìwọ̀n Rẹ̀mílẹ́kún ti ọdún tó kọjá jáde, ó fi gé e, ó rán an tán kí oòrùn tó wọ̀. Ó lọ̀ ọ́ dáadáa.

Ọjọ́ Ajé, ní kùtùkùtù, ó wọ mọ́tò. Láti Bida dé Mokwa, ó ń to èébú rẹ̀ jọ ní Hausa. Láti Mokwa dé Jebba, ó ń yí wọn sí Yorùbá, kí obìnrin náà má bàa sọ pé òun kò gbọ́. Ní Ilọrin, ọkùnrin tó jókòó tì í ní, "Télọ̀, ṣé ẹ lè bá mi rán apá ẹ̀wù mi kí a tó dé?" Ìgbà yẹn ló mọ̀ pé téèpù ṣì wà lọ́rùn òun. Ó wò ó títí tí ọkùnrin náà fi yí ojú sí fèrèsé.

Ó ti di ọ̀sán nígbà tó kan ilẹ̀kùn. Rẹ̀mílẹ́kún ló ṣí i. Ọmọ tó máa ń fò mọ́ ọn lọ́rùn kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀, mà. Ẹ kú ìrìn." Ó dun Ọláídé bí ìgbà tí wọ́n bá kí èèyàn káàbọ̀ sílé ara rẹ̀.

Àǹtí Margaret jáde láti yàrá. "Ìyàwó, káàbọ̀. Ṣé kò sí o? Rẹ̀mí, gbé omi wá."

"Ẹ ṣeun, mà. Mi ò mu omi. Ọmọ mi ni mo wá mú."

"Ta ló ní kì í ṣe ọmọ ẹ? Jókòó ná."

"Àǹtí mi, ẹ má bínú, mi ò jókòó. Ọmọ mẹ́rin lẹ bí, ẹ ti tọ́ wọn tán. Méjì ni mo bí. Ẹ jẹ́ kí n tọ́ tèmi."

"O ń tọ́ wọn?" Àǹtí Margaret fi ara balẹ̀ jókòó. "Nígbà wo lo ń ráyè?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Ọláídé ń dúró dè. Ó fa pinafò yọ nínú báàgì, ó jù ú sórí tábìlì. "Ẹ wò ó! Yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ rèé, mo ti rán an. Ẹni tí kò retí ọmọ rẹ̀ kì í rán yúnífọ́ọ̀mù dè é. Rẹ̀mí, lọ wọ̀ ọ́, kí Mọ́mì Ògbómọ̀ṣọ́ ẹ rí ọ."

Ọmọ náà mú un wọlé. Ó pẹ́ kó tó jáde. Nígbà tó jáde, pinafò náà ti dúró sókè eékún rẹ̀ gan-an. Síìbù ẹ̀yìn kò pa dé ìdajì. Apá rẹ̀ ti há, ó sì gbé èjìká sókè kí ó má bàa ya.

Àǹtí Margaret dìde, ó wọ gíláàsì rẹ̀, ó yí ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà síta, ó fi ìka tọ ojú rírán láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Kò sí aṣọ inú," ló wí. "Mélòó lo rán lọ́dún yìí, Ìyàwó?"

"Ogóje."

"Ṣé gbogbo wọn ni kò ní aṣọ inú?"

Ọláídé na ọwọ́, ó yí ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà padà sínú.

"Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀," Àǹtí Margaret wí, ó sì dá òwe náà dúró níbẹ̀. "Àbí Gàm̀bàrí wa kò mọ ìparí rẹ̀?"

Ọláídé mọ ìparí rẹ̀. Ó mọ ẹni tó fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ọlọ́mọ. Ó ní, "Ya isa! Ó tó! Ẹ má fi òwe bú mi. Rẹ̀mí, kó ẹrù ẹ, à ń lọ."

Ọmọ náà kò mira. Nínú ilé yẹn, wọn kì í sọ Hausa, òfin Àǹtí Margaret ni. Àmọ́ Rẹ̀mílẹ́kún wo ìyá rẹ̀ lójú, ó ní, "Mama, idan mun je gida, za ki auna ni?"

Ó bi í pé, tí àwọn bá délé, ṣé yóò wọ̀n òun.

"Kí ló wí?" ni Àǹtí Margaret béèrè.

Ọláídé kò túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó fa téèpù kúrò lọ́rùn. Rẹ̀mílẹ́kún bọ́ pinafò náà, ó ku ṣìmí, ó sì na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lójú ẹsẹ̀. Ọláídé gba téèpù yí i láyà ká.

"Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n," Àǹtí Margaret wí láti orí àga tó ti padà jókòó sí.

Ọláídé ṣe bí ẹni pé òun kò gbọ́. Ó tẹ̀ síwájú, ó wo nọ́ńbà. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Ó sọ téèpù sí ìbàdí.

"Mẹ́rìnlélógún," Àǹtí Margaret tún wí.

Mẹ́rìnlélógún ni. Obìnrin náà ti wọ̀n ọmọ yìí ṣáájú rẹ̀. Ó tú téèpù, ó tún un wọ̀n. Kò yí padà.

Ọmọ bá a lọ lọ́jọ́ náà. Ó kúnlẹ̀ dágbére fún Mọ́mì Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì sunkún díẹ̀, Ọláídé sì fara dà á. Ó fi báírò kọ àwọn ìwọ̀n náà sí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ nínú mọ́tò. Ọmọ sùn lé e lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó tì wọ́n. Ọláídé ló borí. Láti Ilọrin títí dé Jebba, kò rí ẹnì kankan tí òun lè bú.