Fìlà Moffat Lórí Felim

"Gbé òkúta ẹ kúrò níbẹ̀, Moffat. Ọwọ́ tó pààyàn kì í tún sin ín." Bí Bùrọ̀dá Manus ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, èmi tí mo máa ń sín in jẹ mọ̀ ọ́n dáadáa: á gba imú sọ ọ́, á wá na àgbọ̀n síwájú bí òbúkọ tó fẹ́ kan èèyàn. Ó ta òkúta náà nípàá, ó yí sínú kòtò.

Níbi òkìtì òkúta ọ̀nà ọjà ni, níbi tí Felim kú sí lọ́jọ́ ọjà tí àwa Àgùdà àti àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì fi kùmọ̀ fọ́ ara wa lórí. Ẹni tó bá ń kọjá á fi òkúta kan kún un. Ọdọọdún ni Bàbá Moffat, Pùròtẹ́sítáǹtì, ń gbé tiẹ̀ wá, ọdọọdún làwọn tiwa ń jù ú nù.

Màmá Róise, àbúrò Felim, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ọgọ́ta ọdún ló ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí mì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà yẹn. Lọ́jọ́ ọjà yẹn, òjò ń rọ̀, Felim ò dé fìlà. Moffat, tí òun àti Felim jọ máa ń gé koríko, ṣí tiẹ̀ dé e lórí, ó ní, "Má jẹ́ kí ọpọlọ ẹ tutù, díẹ̀ náà lo ní." Ṣùgbọ́n òdòdó lílì pupa rúsúrúsú, táwọn Pùròtẹ́sítáǹtì máa ń fi há fìlà nínú oṣù keje, wà lẹ́yìn fìlà náà. Róise rí i. Ó rẹwà lójú ẹ̀, ni kò bá sọ fún Felim.

Nígbà tí ìjà bẹ́, òdòdó yẹn làwọn tiwa rí, wọ́n rò pé Pùròtẹ́sítáǹtì ni. Ẹ̀gbọ́n Felim gan-an, bàbá Manus, ló la kùmọ̀ mọ́ ọn látẹ̀yìn. Ó yí i padà, ó rí ojú ẹ̀. Ó mú Róise búra pé kò ní sọ; òun náà ò sì sọ ọ́ títí tó fi kú.

"Manus," Màmá Róise sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "kì í ṣe àwọn ará Moffat ló pa Felim. Bàbá ẹ ni."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀, Àǹtí?"

"Èmi ni. Aṣọ Felim ni mo dì mú nígbà tí kùmọ̀ bà á."

Bùrọ̀dá Manus fa àgbọ̀n ẹ̀ sẹ́yìn. Èmi náà ò lè sín ìyẹn jẹ.

Bàbá Moffat ṣí fìlà orí ẹ̀. "Fìlà mi ló fà á, Róise. Mo ti mọ̀ látọjọ́ yẹn."

Ó fẹ́ wọ kòtò lọ gbé òkúta ẹ̀. Ni Màmá Róise bá yíjú sí mi, ó ní kí n pa ẹnu mi dé, kí n wá bá wọn gbé e padà sórí òkìtì.