Bí Ẹ̀gbọ́n Mi Ṣe Ń Dán Àdúgbò Wò

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í bi alágbàtà ilé bóyá àdúgbò dára. Ó ní ta ló máa fẹnu ara rẹ̀ ba ọjà ara rẹ̀ jẹ́. Ohun tóun máa ń ṣe ni kó lọ dúró níwájú ilé téèyàn fẹ́ gbà lọ́sàn-án gangan, kó figbe ta, "Ẹ gbà mí o," kó wá máa wo ẹni tó máa jáde.

Aránṣọ ni. Ogún ọdún ló ti ń rán yúnífọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé nínú ṣọ́ọ̀bù tí ẹ̀rọ mẹ́fà ti ń pariwo, nítorí náà ohùn rẹ̀ kì í ṣe ohùn kékeré. Nígbà tó fẹ́ gba ilé tó ń gbé báyìí, ìyá kan gbé ìgbálẹ̀ jáde, ọkùnrin kan sì sáré dé tòun ti ọṣẹ lára. Wọ́n bú u dáadáa, ó sì gba ilé náà lọ́jọ́ yẹn.

Èmi ni mo nílò ilé lọ́tẹ̀ yìí. Mo ti kúrò lọ́dọ̀ ọkọ mi, ó sì ti búra pé ibi yòówù kí n sá lọ, òun á wá mi rí, òun á parí ohun tóun bẹ̀rẹ̀. Apá mi tó kán kò tíì jinná. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ka mítà iná kiri ojúlé, kò sì sí ọgbà tí wọn kì í ṣí fún un. "Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ibi tí wọ́n á ti jáde tó o bá ké la ń wá."

Yàrá tá a lọ wò wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì. Ó wù mí, kí n má purọ́. Alágbàtà, ọkùnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo nǹkan títí kan ògiri, ní àdúgbò náà tutù, oníkálukú ló ń ṣe tiẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó tìkà-tẹ̀gbin. "Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà o." Ó ní kí n dúró lójú fèrèsé, kí n máa wo àwọn ilẹ̀kùn, òun àti alágbàtà sì sọ̀ kalẹ̀.

Ó figbe ta. Èmi tí mo mọ̀ pé eré ni, díẹ̀ ló kù kí n sáré sọ̀ kalẹ̀.

Kò sẹ́ni tó jáde. Obìnrin tó ń sá aṣọ lódìkejì kó agbọ̀n rẹ̀ wọlé, ó rọra ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ ń yí láti ilé dé ilé, bí ohun tó ti mọ́ wọn lára. Ẹ̀gbọ́n mi tún ké. Títì pa rọ́rọ́. Inú bí mi sí wọn gan-an.

Ìgbà náà ni géètì kan ṣí nísàlẹ̀ títì, ọkùnrin kan sì sáré jáde, ìwé lábẹ́ apá. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Ó sún mọ́ wọn kí n tó rí i pé ọkọ mi ni.

"Àǹtí, ẹ kú ọ̀sán. Ohùn yín ni mo gbọ́, mo ní kì í ṣe ẹlòmíràn. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan. Mo kọsẹ̀ ni."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kí lẹ wá ṣe ládùúgbò yìí?"

Alágbàtà ló dáhùn, inú rẹ̀ dùn pé ẹnì kan jáde. "Ẹ ò rí i, Àǹtí, àwọn èèyàn wa máa ń jáde. Bọ̀dá, àbúrò wọn ló fẹ́ gba yàrá. Ó wà lókè."

Ọkọ mi gbójú sókè. Mo fà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Mo sáré sẹ́nu ọ̀nà láti ti ilẹ̀kùn. Ọwọ́ alágbàtà ni kọ́kọ́rọ́ wà. Nísàlẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi tún figbe ta, kì í ṣe eré mọ́. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mo la ẹnu láti ké, ṣùgbọ́n mo ti mọ ẹni kan ṣoṣo tí igbe ń pè jáde ládùúgbò náà.