Nígbà Tí Kámẹ́rà Ò Nílò Fíìmù Mọ́

Òórùn rọ́bà gbígbóná ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, nínú ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe sílípáàsì ní Ìlúpéjú. Ibẹ̀ la ti fẹ́ ya ibi tí ìyá kan nínú eré wa ti wá dágbére fún ọmọ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Àkókò oúnjẹ ọ̀sán nìkan ni wọ́n yọ̀ǹda fún wa, torí ìgbà yẹn nìkan ni ẹ̀rọ máa ń dákẹ́. Bí fèrè bá ti dún, ariwo dé nìyẹn.

Ṣé o mọ iṣẹ́ mi nígbà náà? Èmi ni mo máa ń fi fíìmù sínú kámẹ́rà. Inú àpò dúdú ni mo ti ń ṣe é, torí ìmọ́lẹ̀ bín-ín-tín lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Fíìmù ṣọ̀wọ́n bí ojú, nítorí náà a kì í ya ohunkóhun tí a kò bá tíì dán an wò títí yóò fi mọ́ oníkálùkù lára. Lọ́sẹ̀ yẹn ni kámẹ́rà tuntun tí kò nílò fíìmù dé, kò tóbi ju búrẹ́dì Agége kan lọ. Ọ̀gá wa, olùdarí eré, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Sístà, kò sí fíìmù mọ́ o. Tá a bá ti parí eléyìí, kó o máa sinmi nílé ná." Ó dùn mí wọra, àmọ́ mi ò sunkún. Mo lọ jókòó ti ọkùnrin tó ń lo kámẹ́rà náà, mo sì ń bi í léèrè bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan títí ọ̀rọ̀ mi fi sú u.

Ní Ìlúpéjú, gbogbo nǹkan ni ọ̀gá ń yà, títí kan ìdánrawò. "Ẹ jẹ́ kó máa yí, kò ná wa ní kọ́bọ̀!" Kí á tó mọ̀, káàdì tó ń gba àwòrán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, a kò sì tíì rí ẹyọ kan tó dáa mú. Oníkámẹ́rà sáré lọ sí òpópónà Allen láti wá káàdì mìíràn rà, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé fèrè á dún kó tó dé. Ìyá àgbà tó ń ṣe ìyá nínú eré náà sì ń padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ kejì.

Mo ní, "Sà, ó ṣì ku díẹ̀ nínú káàdì. Ẹ jẹ́ kí n yà á."

"Ìwọ kẹ̀? Tó bá bàjẹ́ ńkọ́?"

"Kò ní bàjẹ́, sà. Ká kọ́kọ́ dán an wò láì yà á, bíi tàtijọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré la máa wá yà á."

Ìyá àgbà náà ló gbè mí. "Ẹ jẹ́ ó yà á jàre. Ọkàn tèmi gan-an kì í balẹ̀ tí mi ò bá ti mọ ìgbà tó ń yà."

A dán an wò, a tún dán an wò. Mo tẹ bọ́tìnnì, mo sé èémí. Ìyá náà fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀, omi bọ́ lójú ìyá, ohun tí kò ṣe nínú ìdánrawò rárá. Bó ṣe kẹ́yìn sí wa tán báyìí ni fèrè dún.

Ọ̀gá wo àwòrán náà lójú kámẹ́rà, ó yíjú sí mi. "Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí n má pẹ́ dé lọ́la o.

Láti ìgbà náà, kámẹ́rà tí mo ti lò pọ̀, òmíràn sì ti di ohun ìgbàgbé kí n tó mọ gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún mi lónìí pé iṣẹ́ mi ti tán, ohun tí màá kọ́kọ́ bi í ni pé, ẹ̀rọ tuntun náà dà, kí n kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó?