Alárinà Inú Ọgbà Ẹṣin

Nígbà tí wọ́n ti ilé ìwé tí ẹ̀gbọ́n màmá mi ti ń dáná pa, kò sẹ́ni tó rò pé ọ̀dọ̀ ẹṣin ló máa já sí. Gbogbo ayé rẹ̀ ló ti lò nídìí ìkòkò. Bàbá Kúùkù ni tọmọdé tàgbà ń pè é, èmi náà ò sì mọ orúkọ mìíràn tí mo lè pè é. Òun ló tọ́ mi. Màmá mi bí mi tán, ó lọ ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ nílé olówó kan lọ́nà jíjìn, torí ibẹ̀ lowó wà, ó sì gbé mi sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kò láya. Mi ò sọ ọ́ kí ẹ lè bá mi sunkún o. Mo fẹ́ kí ẹ mọ irú ẹni tí mò ń ròyìn ni.

Aládùúgbò kan ló bá a wáṣẹ́ sí ọgbà tí wọ́n ti ń sin ẹṣin eré ìje. Gbogbo ohun tí Bàbá Kúùkù mọ̀ nípa eré ẹṣin nígbà yẹn ò ju òwe kan lọ, pé ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Ó pa á lọ́jọ́ àkọ́kọ́ fún olórí àwọn òṣìṣẹ́, ọkùnrin kúkúrú kan tí kì í bọ́ bàtà òjò, bóòrùn ràn bójò rọ̀. Ọ̀gbẹ́ni náà wò ó látòkè délẹ̀.

"Bàbá, ti iwájú nìkan la mọ̀ níbí. Ti ẹ̀yìn, títà la máa ń tà á."

Ọjọ́ Ìsinmi ló máa ń wálé. Òun á jókòó sídìí tábìlì, á máa ròyìn, èmi á máa lọ aṣọ. Ó ní òun rò pé ojoojúmọ́ lòun á máa wo eré ìje, àṣé ẹṣin kankan kì í sáré ìje níbẹ̀. Ọmọ bíbí niṣẹ́ ibẹ̀. Ó ní àwọn ẹṣin wọ̀nyẹn níran ju èèyàn lọ: olórí lè ka bàbá, bàbá bàbá àti ìyá ìyá ẹyọ kan títí ẹnu á fi rẹ̀ ẹ́, òun tóun sì jẹ́ èèyàn ò mọ orúkọ bàbá bàbá òun. Ó ní ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń ka ọjọ́ orí gbogbo wọn, débi pé èyí tí wọ́n bá bí lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún á ti di ọmọ ọdún kan bílẹ̀ bá mọ́.

"Ọmọ tí ò tíì lè dìde dúró dáadáa!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní òfin wọn ò gba kí dókítà fi abẹ́rẹ́ fún abo lóyún. Àfi kí akọ fúnra rẹ̀ bá abo pàdé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ náà ò ní sáré ìje láyé.

Nídìí ìpàdé yìí niṣẹ́ tirẹ̀ wà. Akọ ẹṣin olówó gọbọi kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ọkọ Ìyàwó, dúdú, tí ara rẹ̀ ń dán bíi bàtà tuntun. Bí abo kan bá lọ ta á nípàá, àdánù ńlá ni. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní akọ kékeré kan, onírun wúruwùru, tí kò ní ìran tí ẹnikẹ́ni lè kà. Òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú lọ bá abo, pátákó tí wọ́n fi tìmùtìmù wé á sì wà láàárín wọn. Ẹṣin kékeré á yán, á fi imú kan abo lọ́rùn, á máa tù ú. Bí abo bá ń tàpá, kò tíì yá nìyẹn. Bó bá dúró jẹ́ẹ́, tó gbé ìrù, ó ti yá. Wọ́n á fa ẹṣin kékeré gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde, Ọkọ Ìyàwó á gba ti iwájú wọlé. Alárinà ni wọ́n ń pe ẹṣin kékeré yìí, Bàbá Kúùkù ló sì ń di okùn rẹ̀ mú.

"Ṣé kì í bínú?" mo bi í.

"Ó máa ń wẹ̀yìn."

"Kí ni wọ́n wá ń fún un?"

"Koríko. Àbí bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, ṣé alárinà kì í yẹ̀bá ni?"

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ṣàwàdà, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún kejì, Alárinà dákẹ́. Wọ́n á mú un débi pátákó, á kàn so orí kọ́. Abo tó yá àti èyí tí ò yá, kò sẹ́ni tó mọ̀yàtọ̀ mọ́. Màdáámù tó ń darí ọgbà ní kí wọ́n wá alápatà tó máa rà á. Lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn, Bàbá Kúùkù ò fọwọ́ kan oúnjẹ, ọkùnrin tí kì í fi oúnjẹ ṣeré.

"Wọ́n fẹ́ pa á," ló ń sọ ṣáá. "Kò ṣẹ̀ wọ́n. Ó sú u ni."

Bó ṣe padà débẹ̀, ó kọjá sí ọ́fíìsì Màdáámù tààrà. Ó bọ́ bàtà ẹlẹ́rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó dúró pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lábẹ́ àwòrán àwọn ẹṣin tó ti gba ife-ẹ̀yẹ.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà. Bẹ́ ẹ bá lè fún un ní abo kan, ẹyọ kan péré, ara ẹ̀ á tún yá síṣẹ́."

"Bàbá, owó abo tó kéré jù níta yẹn ju ti ilé tẹ́ ẹ̀ ń gbé lọ."

"Mi ò ní kẹ́ ẹ fún un lọ́mọ ọba mà. Abo àgbàlagbà tó ń fa kẹ̀kẹ́ ìgbẹ́ ẹṣin yẹn ńkọ́?"

Màdáámù bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ fẹ́ ṣe alárinà fún Alárinà?" Ó fi bírò gbá tábìlì díẹ̀. "Ó dáa. Abo tó bá ní wàrà lásìkò ìbímọ wúlò fún wa. Ṣùgbọ́n bí abo ńlá kan bá kú sórí ìbí, ọmọ tó bá fi sílẹ̀ ló ni wàrà yẹn o. Ṣé ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà." Ó gbọ́ lóòótọ́. Ayọ̀ ni kò jẹ́ kó rò ó.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n so wọ́n pọ̀, láìsí pátákó láàárín. Olórí di abo mú, ó ń bú èébú lábẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, igbe Alárinà dé ojú títì, abo tó ń gbọ́ ọ sì ń gbé ìrù. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ alápatà mọ́.

Nígbà tọ́jọ́ pé, tẹlifóònù mi dún níbi iṣẹ́. "A ti bímọ o! Obìnrin ni!" Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé òun gan-an ló rọbí. Ó ní ọmọ náà pupa bí ìyá rẹ̀, ó sì ní irun wúruwùru bíi ti bàbá.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí ọ̀kan nínú àwọn abo ńlá fi kú sórí ìbí. Màdáámù ò yẹ̀ lórí ohun tó sọ. Wọ́n mú ìyá oníkẹ̀kẹ́ lọ bá ọmọ òrukàn, wọ́n fi ìpara tó ń ta kun imú rẹ̀ kó má bàa gbóòórùn pé ọmọ ọlọ́mọ ni. Ọmọ Alárinà, wọ́n gbé e lọ sí ilé koríko lẹ́yìn ọgbà.

Èmi ni mo lọ bá a lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn. Bàbá Kúùkù jókòó lórí báàkẹ́ẹ̀tì tó dojú dé, ìgò wàrà lọ́wọ́ ọ̀tún, àtẹ́lẹwọ́ òsì lábẹ́ àgbọ̀n ọmọ ẹṣin. Ọmọ náà á mu díẹ̀, á jáwọ́, á ké. Láti ilé kejì, ìyá rẹ̀ á dáhùn. Inú bí mi.

"Ẹ ò sì lè bá wọn jà?"

"Jà fún kí ni? Wọ́n sọ fún mi, mo ní mo gbọ́." Ó gbé ìgò sókè díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má bàa wọlé. "Bàbá ẹ̀ ṣì wà láyé. Òun náà á wà láyé. Bí mo ṣe ṣe tìẹ náà nìyí. Ìwọ tiẹ̀ ń ké jù ú lọ."

Nígbà tí màmá mi padà wálé, mo ti ń lọ ilé ìwé, mo kí i bí àlejò ni, ojú rẹ̀ sì pọ́n. N kò tíì rò ó rí pé ó ṣeé ṣe kó máa gbọ́ igbe mi láti ibi tó wà.

Olórí yọjú lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ní abo kan ti dé o. Bàbá Kúùkù na ìgò sí mi.

"Di èyí mú. Jẹ́ n mú bàbá ẹ̀ lọ síbi iṣẹ́."

Mo jókòó sórí báàkẹ́ẹ̀tì, mo ki ọwọ́ sábẹ́ àgbọ̀n ọmọ náà bó ṣe ṣe é. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ohùn Alárinà níta, tó ń fi gbogbo agbára pe abo tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọmọ rẹ̀ na etí, ó gbọ́ ọ tán, ó sì padà sídìí ìgò.